Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àpá funfun lórí tábìlì

Ẹ̀yin ará Mowé, Ìbafo àti Ifọ̀, bí abọ́ àmàlà gbígbóná tàbí ife omi tútù bá fi àpá funfun roboto sílẹ̀ lórí tábìlì tí káfíńtà kùn ní fáníìṣì títí ó fi ń dán bíi dígí, ẹ má bọkàn jẹ́: inú fáníìṣì ni ọ̀rinrin há sí, kò tíì dé ara igi.

Ẹ tẹ́ aṣọ òwú gbígbẹ lé e, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò lómi nínú, lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ṣí i wò. Ẹni tó fi sùúrù pa èèrà ni í rí ìfun rẹ̀.

Bí àpá náà bá dúdú, omi ti wọ igi nìyẹn. Ẹ ké sí káfíńtà, kó fi sáńpépà ha á, kó tún un kùn.