Ohun Tí Ó Pa Flo Hyman, Obìnrin Gíga

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ kan bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí apá rẹ̀ sì gùn, kíákíá ni a ó ti fà á lọ sí pápá eré. Èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn Flo Hyman ni mo ti ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Obìnrin adúláwọ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 5. Fọ́líbọ́ọ̀lù ni ó sọ ọ́ di olókìkí, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Los Angeles ní 1984. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní, 1986, ní ìlú Matsue ní Jàpáánù, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ nínú eré. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ṣubú, ó sì kú. Ọmọ ọdún 31 ni!

Ohun tí àwọn aládùúgbò ìbá sọ níhìn-ín, ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ni ó ya. Àìsàn abínibí ni, Marfan ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà ará Paris tí ó kọ nípa rẹ̀ ní 1896. Ohun tí ó di ara mú kì í yi tó, iṣan náà yóò sì máa fẹ̀ bí tíúbù kẹ̀kẹ́ tí ó ti gbó. Ó lè má dun ni rárá títí yóò fi ya. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó ti wú, a máa tẹ iṣan ohùn, ohùn a sì há, tàbí kí oúnjẹ ṣòro láti gbé mì.

Kì í ṣe gbogbo ẹni gíga ni ó ní in o. Ṣùgbọ́n bí ìka bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí igbá àyà wọnú tàbí tí ó yọ síta, tí ẹ̀yìn wọ́, tí ojú kò sì ríran jìnnà, ẹ ní kí òbí mú ọmọ náà lọ sí ọsibítù kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Oògùn wà tí ń dín agbára ẹ̀jẹ̀ kù, oníṣẹ́ abẹ sì lè fi ọ̀pá aláṣọ rọ́pò iṣan tí ó ti fẹ̀.

Bí òbí kan bá ní in, bóyá ni bóyá kọ́ ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yẹ arákùnrin Hyman wò lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n bá àìsàn kan náà lára rẹ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí iṣan tirẹ̀ tó ya.