Kíkọ́ Píánò Láìsí Olùkọ́

Ẹni tó ń kọ́ píánò fúnra rẹ̀ lóde òní kò ṣaláìrí ẹ̀kọ́ kọ́. Fídíò kún orí YouTube, ìwé náà sì wà. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò sọ pé, "Dúró ná, ìka kẹrin lo fi tẹ̀ ẹ́, tún un tẹ̀." Olùkọ́ máa ń gbọ́ àṣìṣe kó tó di bárakú. Ìka kò mọ èyí tó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò tọ́. Ohun tó bá ṣe léraléra ló ń mọ́ ọn lára. Ẹni tó bá ń sáré ṣi orin kan tẹ̀ lójoojúmọ́, àṣìtẹ̀ yẹn gan-an ló ń kọ́.

Ẹ wá ọ̀nà tí ẹ ó fi máa gbọ́ ara yín. Fóònù tó wà lápò yín tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi gba orin tí ẹ tẹ̀ sílẹ̀, ẹ dìde nídìí píánò, kí ẹ wá fetí sí i bí ẹni ń gbọ́ orin ẹlòmíràn. Bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìka ló gba gbogbo ọkàn wa, etí kì í ráyè. Bí a bá padà gbọ́ ọ, ibi tí a ti dúró wá ìka á hàn gbangba. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ padà sí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè ní gbogbo ìgbà, ìlà kìíní á dán gbinrin, ìlà kẹta á sì máa dààmú wa títí.

Ẹ wo sólfà lásán, láti d dé d òkè lórí àwọn kíì funfun, tí C jẹ́ d. Ní ọwọ́ ọ̀tún, àtàńpàkò wà lórí d, ìka kejì lórí r, ìka àárín lórí m. Ìka ku méjì, ohùn ku márùn-ún. Àtàńpàkò ní láti gba abẹ́ ìka àárín kọjá lọ tẹ f, kí ìka márààrún lè parí ìyókù. Ní ọwọ́ òsì, ọmọńdinrín ló bẹ̀rẹ̀ ní d, títí àtàńpàkò á fi tẹ s. Ìka àárín á wá gba orí rẹ̀ kọjá sí l. Ọ̀tún ń kọjá lẹ́yìn m, òsì lẹ́yìn s. Ìdí rèé tí ọwọ́ méjèèjì fi máa ń dojú rú bí wọ́n bá pàdé. Ẹ kọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn náà ẹ pa wọ́n pọ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ ti mọ ìka tó kàn kó tó balẹ̀.

Ẹni tó dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, tó mọ sólfà kà, ti gba iwájú. Kó fi ẹnu kọ ohùn náà kó tó tẹ̀ ẹ́. Kó mú kọ́ọ̀dù d m s. Bí d bá dúró síbi tó wà, tí m gòkè sí f, tí s gòkè sí l, kọ́ọ̀dù kejì dé nìyẹn. Kó padà sí d m s, kí s dúró, kí m wá sí r, kí d wá sí t ìsàlẹ̀: ẹ̀kẹta nìyẹn. Mẹ́ta yìí lè gbé ọ̀pọ̀ orin ìyìn tí à ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kíbọọ̀dù ní bọ́tìnnì transpose, tó ń yí ohùn padà láìjẹ́ kí ìka kúrò lójú kan. Mo rọ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó fi í sílẹ̀. Píánò onígi kò ní in, ẹni tó gbára lé e kò sì ní mọ kíì dúdú láéláé. Bí ẹ bá ti mọ sólfà tó bẹ̀rẹ̀ láti C, ẹ mú ti G tẹ̀ lé e. Kíì dúdú kan péré ló wà nínú rẹ̀.

Fún ìwé kíkà, Mikrokosmos tí Béla Bartók ará Hungary kọ dára púpọ̀. Orin 153 ló wà nínú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nínú àwọn orin àkọ́kọ́, ohùn kan náà ni ọwọ́ méjèèjì ń tẹ̀.

Bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn yín, ẹ dáwọ́ dúró. Fóònù kò lè gbọ́ ìyẹn. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó wo bí ẹ ṣe jókòó, àti bí ìgbọ̀nwọ́ yín ṣe ga sí.