Kí Ni Ẹ Lè Ṣe Bí Ajá Yín Kò Bá Lè Dá Nìkan Wà Nílé?

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á lọ sí ibi iṣẹ́ tàbí ilé ìjọsìn. Kí wọ́n tó padà dé, ajá ti họ ilẹ̀kùn bó, ó ti fa aṣọ fèrèsé ya, ó ti tú fóòmù àga síta, ó sì ti tọ̀ sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò á tún wá ráhùn pé láti àárọ̀ ni ó ti ń ké tí ó sì ń gbó láìdákẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, pàṣán ló máa ń tẹ̀ lé e. Bí pàṣán kò bá sì tán ìṣòro náà, wọ́n á ní kí ẹni tó bá fẹ́ ajá wá mú un lọ, tàbí kí wọ́n tà á fún ẹni tí yóò pa á jẹ. Kí ọ̀ràn tó dà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè pé: kí ló dé tí ajá náà fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ṣé Ìwà Ìkà Ni, Tàbí Ìbẹ̀rù?

Ọjọ́ pẹ́ tí ajá ti ń bá ènìyàn gbé, tí ó ń bá a ṣọdẹ, tí ó sì ń bá a ṣọ́lé. A kò dá a mọ́ ìdágbé. Ẹ̀kọ́ ni láti wà láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí, a sì gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2020. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé aráyé mọ́lé, àwọn kan gba ọmọ ajá, pàápàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àárín àwọn ènìyàn tí kì í jáde ni irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ dàgbà sí. Ọjọ́ tí olówó rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ mọ bí ilé ṣe máa ń rí nígbà tí kò bá sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo ajá. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Daniel Mills wà lára wọn, gbé ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ajá tí ó lé ní 2,700 jáde. Wọ́n rí i pé àwọn ajá kan ń fẹ́ sá fún ohun kan nínú ilé, àwọn kan ń fẹ́ dé ibi tí ohun kan wà níta, ariwo ìta ló ń da àwọn mìíràn láàmú, nígbà tí ó jẹ́ pé àìríǹkan-ṣe lásán ló ń ṣe àwọn tó kù.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ èyí tó jẹ́ ti ajá yín? Ẹ gbé fóònù tí ń ya fídíò kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ajá tí ẹ̀rù ń bà kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò ti máa lọ yóò máa bọ̀, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí ẹ bá jáde ni yóò sì dojú kọ. Bí ẹ tilẹ̀ fi ẹran sílẹ̀ fún un, kò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ajá tí kò rí nǹkan ṣe lè kọ́kọ́ sùn, kó jẹun, kó tó wá gbé bàtà yín ṣeré. Ọmọ ajá tí eyín rẹ̀ ń pààrọ̀, láàárín oṣù mẹ́ta sí méje, yóò sì máa rún ohunkóhun tó bá rí. Ìrìn, eré àti ohun tó ṣeé rún lè tó fún àwọn wọ̀nyí. Bí ó bá jẹ́ pé àgbà ajá ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ìwà yìí, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, nítorí àìsàn lè wà nídìí rẹ̀.

Ìdí Tí Pàṣán Kò Fi Lè Ṣàtúnṣe

Àwọn kan á ní, "Ó mọ ohun tó ṣe! Ẹ wò ó bí ó ṣe ń dorí kodò tí ó ń ká ìrù bọ abẹ́." Ní ọdún 2009, Alexandra Horowitz, olùwádìí ní Barnard College nílùú New York, gbé àbájáde àyẹ̀wò tí ó fi ajá 14 ṣe jáde. Olówó ajá yóò ní kí ajá má jẹ oúnjẹ kan, yóò sì jáde. Nígbà tí ó bá padà, wọ́n á sọ fún un bóyá ajá jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn, irọ́ ni wọ́n á pa fún un. Ohun tó hàn ni pé ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú bóyá ajá jẹ̀bi. Ìgbà tí olówó rẹ̀ bá bá a wí ló máa ń yọ, kódà bí kò bá mọwọ́mẹsẹ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú yín ni ajá ń kà, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn tirẹ̀. Bí a bá nà án nítorí ohun tó ṣe ní wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn, kò lè so ẹgba náà mọ́ ilẹ̀kùn tó họ. Ohun tí yóò kọ́ ni pé bíbọ̀ yín náà ń dẹ́rù bani. Ẹ̀rù tó jẹ́ ẹyọ kan tẹ́lẹ̀ á wá di méjì.

Díẹ̀díẹ̀ Ni Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà

Ìlànà kan ṣoṣo ló wà nídìí ẹ̀kọ́ yìí: ẹ má ṣe jẹ́ kí ajá dá wà pẹ́ ju bí ó ṣe lè fara dà á láìbẹ̀rù lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àmì ìjáde. Ajá mọ ìró kọ́kọ́rọ́, ó mọ bàtà iṣẹ́. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì jókòó. Ẹ wọ bàtà, kí ẹ sì lọ dáná. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́, títí tí ajá kò fi ní gbórí sókè mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sí yàrá kejì, ẹ pa ilẹ̀kùn dé fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ẹ sì padà kó tó ké. Ẹ sọ ọ́ di márùn-ún, mẹ́wàá, ọgbọ̀n. Nígbà tí èyí bá ti mọ́ ọn lára, ẹ gba ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ẹ má ṣe máa fi kún un ṣáá. Bí ẹ bá lo ìṣẹ́jú márùn-ún lónìí, ẹ lè lo méjì lẹ́yìn náà, kí ẹ tó lo méje. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló máa ń nira jù, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ẹ tó là á já. Bí ajá bá ti lè fara balẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń lè fara da wákàtí mélòó kan. Síbẹ̀, àjọ RSPCA tí ń gbèjà àwọn ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbani nímọ̀ràn pé kí ajá má ṣe dá wà ju wákàtí 4 lọ. Ẹni tí ń jáde ní ìdájí ní Èkó tí ó sì ń wọlé lálẹ́ gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò máa yà wò ó lọ́sàn-án.

Ẹ mú ajá rìn kí ẹ tó jáde. Ẹ fi ohun ìṣeré rọ́bà tó nihò nínú, tí ẹ ki ẹran bíbọ̀ tí kò ní èròjà sí, sílẹ̀ fún un. Ẹ má ṣe fún un ní eegun sísè, àlùbọ́sà tàbí ṣokoléètì, nítorí wọ́n lè pa á lára. Ẹ jáde jẹ́ẹ́, kí ẹ sì wọlé jẹ́ẹ́.

Nígbà Tí Ẹ̀kọ́ Ń Lọ Lọ́wọ́

Iṣẹ́ kì í dúró de ajá, ṣùgbọ́n ìpayà ọjọ́ kan lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́. Nítorí náà, ẹ bẹ aládùúgbò tàbí ìyá àgbà kí ó bá yín jókòó tì í. Oníṣọ́ọ̀bù lè mú un dání. Bí ìjọ yín bá ń ṣe ìsìn méjì ní ọjọ́ Ìsinmi, ìdílé lè pín ara wọn sí méjì. Bí ẹ bá ń lọ sí ìṣọ́ òru, kí ẹnì kan gbélé.

Ẹ má ṣe ti ajá tó ń páyà mọ́ inú kéèjì. Àwọn kan ti kán eyín, tí wọ́n sì fa èékánná yọ, níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ajá kejì pẹ̀lú lè má ran ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́, nítorí ènìyàn ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Bí ìbẹ̀rù náà bá pọ̀ jù, oògùn wà. Ní ọdún 2007, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí oògùn, ìyẹn FDA, fọwọ́ sí fluoxetine fún àwọn ajá tó ní ìṣòro yìí, pé kí a lò ó pa pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́. Dókítà ẹranko nìkan ló lè sọ bóyá ó yẹ ajá yín. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ètò Ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn oorun tó jẹ́ ti ènìyàn.

Bí ajá bá fà sẹ́yìn lọ́jọ́ kan, ẹ padà sí ìwọ̀n tó rọrùn fún un, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣeé tún kàn, àga ṣeé tún rán. Ajá tó ń fi eyín họ ilẹ̀kùn ń wá olówó rẹ̀ ni. Ẹ fi sùúrù kọ́ ọ pé bí ẹ bá jáde, ẹ ń padà bọ̀.