Oró, Májèlé àti Oògùn: Àpẹẹrẹ Kan láti Inú Òkun

Ó rọrùn fún olùtúmọ̀ láti lo 'oró' àti 'májèlé' bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ìyàtọ̀ tí Yorùbá fi sáàárín wọn bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu, kò sì yẹ kí á jẹ́ kí ó parẹ́.

Ìgbín òkun kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Conus magus. Ẹja ni ó ń pa jẹ. Eyín rẹ̀ rí bí ọ̀kọ̀ tín-ín-rín. Bí ó bá fi gún ẹja, oró rẹ̀ yóò mú kí ẹja náà rọ jọwọrọ. Ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà, Baldomero Olivera, ọmọ ilẹ̀ Fílípíìnì, àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn, Michael McIntosh, ṣe ìtúpalẹ̀ oró yìí. Wọ́n rí pẹ́pítáìdì kan nínú rẹ̀, èyí ni ẹ̀wọ̀n kúkúrú tí ásíìdì amínò 25 so pọ̀ di, tí ìdè imí-ọjọ́ mẹ́ta sì dì mú.

Pẹ́pítáìdì yìí a máa dí ẹnu-ọ̀nà tí kálísíọ́ọ̀mù ń gbà wọ àwọn iṣan ìmọ̀lára inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí kálísíọ́ọ̀mù kò bá wọlé, iṣan náà kò ní lè jẹ́ iṣẹ́ ìrora fún ọpọlọ. Ní ọdún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ tí a ṣe ní ilé ìwádìí, tí a ń pè ní ziconotide, fún ìrora líle koko. Kì í di bárakú bíi mọfíìnì. Ṣùgbọ́n ó lè da orí aláìsàn rú, nítorí náà a kì í fún ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú rí.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí ọ̀rọ̀ orúkọ. Oró ejò àti oró àkeekèé ni Yorùbá ń wí. A kì í gbọ́ 'májèlé ejò'. Ohun tí a jẹ tàbí tí a mu ni májèlé. Ohun tí a bù tàbí tí a ta síni lára ni oró. Bí ènìyàn bá gbé ziconotide mì, inú yóò lọ ẹ̀wọ̀n náà bí ó ti ń lọ ẹran. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń gba inú ọpọ́n tín-ín-rín fún un sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Olùtúmọ̀ tí ó bá kọ 'májèlé' ti darí ọkàn òǹkàwé sí ẹnu, ó sì ti ba àlàyé jẹ́.

Àbá wa nìyí:

(a) kí 'oró' dúró fún ohun tí ẹranko ń ta síni lára;

(b) kí 'májèlé' dúró fún èyí tí a jẹ tàbí tí a mu;

(d) kí á yá 'pẹ́pítáìdì' lò, kí olùkọ́ sì fi 'ẹ̀wọ̀n kúkúrú' ṣàlàyé rẹ̀;

(e) kí á má pe oró ní 'oògùn' àyàfi bí a bá ti yọ èyí tí ó wúlò nínú rẹ̀, tí a sì ti mọ ìwọ̀n rẹ̀.