Dọ́sìnì Olóbúrẹ́dì: Méjìlá Ni àbí Mẹ́tàlá?

Gbogbo wa la mọ̀ pé méjìlá ni dọ́sìnì kan, ìbáà ṣe ẹyin, ìbáà ṣe ìwé ọmọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó bá sọ pé “baker’s dozen”, ìyẹn dọ́sìnì olóbúrẹ́dì, mẹ́tàlá ló ń wí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kó má ṣe ka méjìlá. Ibo wá ni ẹyọ kan yẹn ti wá?

Ẹ má rò ó jìnnà, ènì ni. Àmọ́ ènì ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe ti ọ̀yàyà. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé Ọba Henry Kẹta, òfin kan wà lórí búrẹ́dì àti ọtí, èyí tí àwọn òpìtàn sábà máa ń fi sí ọdún 1266. Owó búrẹ́dì kì í yí, ìwọ̀n rẹ̀ ló ń yí. Bí àlìkámà bá wọ́n, búrẹ́dì á kéré. Bí ó bá pọ̀ lọ́jà, búrẹ́dì á tóbi. Olóbúrẹ́dì tí tirẹ̀ kò bá tó ìwọ̀n á san owó ìtanràn. Bí ó bá ń ṣe é léraléra, wọ́n lè kan àbà mọ́ ọn ní gbangba.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yan búrẹ́dì mọ̀ pé iná kì í mú gbogbo rẹ̀ bákan náà. Omi inú rẹ̀ á gbẹ, ìwọ̀n á sì dín. Ohun tí wọ́n sọ ni pé torí èyí ni wọ́n ṣe ń fi ẹyọ kan lé méjìlá, kí àpapọ̀ rẹ̀ má bàa dín. Àwọn alágbàtà náà jẹ níbẹ̀: ẹni tó bá gba méjìlá lọ tà, ìkẹtàlá ni èrè tirẹ̀.

Ènì tiwa ńkọ́? Òfin kọ́ ló ń mú wa ṣe é. À ń ṣe é kí oníbàárà lè padà wá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àwọn kan wà tí wọ́n á lu ìdí kóńgò wọnú, tí wọ́n á wá fi ẹ̀rín bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Bí kóńgò bá fi ife kan dín, tí ènì sì jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan, ènì kọ́ nìyẹn. Ọjà oníbàárà náà la bù fún un padà, a sì tún ń retí kó dúpẹ́.

Olóbúrẹ́dì ayé ìjọ́un fi ènì dí àléébù tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Èyí tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ènì ò lè dí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Oníbàárà tó bá tún un wọ̀n nílé lè má bá wa jà rárá. Ìsọ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbà lọ, yóò sì mú àwọn aládùúgbò rẹ̀ dání.

Nítorí náà, kí ọjà tó ń bọ̀ yìí tó kò, kí kálukú yẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wò. Kí kóńgò kún ná, kí ènì tó gorí rẹ̀. Ọjà á tà o.