"Ta Lo Bá Sọ̀rọ̀ Lónìí?": Ohun Tí Sáà Kan ní Jámánì Kọ́ Mi

Ní àdúgbò wa ní Òkè-Odò, kò sí ẹni tí ó lè jí kí ó sì dé ojú títì láìkí ènìyàn mẹ́wàá. Ìyá olóúnjẹ yóò béèrè bóyá a sùn dáadáa, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá yóò fi orúkọ bàbá ẹni pe ẹni, alájọgbé yóò sì fẹ́ mọ ibi tí a ń lọ ní kùtùkùtù bẹ́ẹ̀. Inú ariwo ìkíni yìí ni mo dàgbà sí. N kò mọ̀ pé oúnjẹ ọkàn ni, àfi ìgbà tí ebi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni mo kúrò ní Èkó lọ sí ìlú Bayreuth, ní ẹkùn Bavaria ní orílẹ̀-èdè Jámánì, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀ fún sáà ẹ̀kọ́ kan. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà ní yunifásítì tirẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n yóò lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù díẹ̀ níbòmíràn, èsì tí ó bá mú bọ̀ ni wọn yóò sì kà mọ́ ti ilé. Bí èsì náà kò bá pé, sáà náà di òfo. Owó ìrànwọ́ wà fún oúnjẹ àti ibùgbé mi. Ṣùgbọ́n owó físà àti ti aṣọ òtútù, ìyá mi tí ó ń ta ata ní ọjà Ilé-Epo ni ó kó àjọ ọdún kan fún un. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe ẹrù tèmi nìkan ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ìlú tí ó dákẹ́

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Gbogbo ará Bayreuth kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin lọ. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, mo jáde lọ ra búrẹ́dì, mo sì rí i pé gbogbo ilé ìtajà ló ti ìlẹ̀kùn. Òfin Jámánì ni pé ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ Àìkú; ẹni tí kò bá ra oúnjẹ ní Sátidé yóò fara mọ́ ohun tí ó bá kù nílé. Omi àti bisikíìtì tí mo gbé láti Èkó ni mo fi sùn.

Àwa mẹ́rin ni a jọ ń lo ilé ìdáná kan ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá kí àwọn yòókù, tí mo béèrè àlàáfíà ilé wọn, wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn yóò ní "Hallo," wọn yóò sì wọ yàrá lọ. Ìlẹ̀kùn yóò pa dé. Mo dúró de ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn mi, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń lọ kí ayálégbé tuntun nílé. Ẹnikẹ́ni kò wá. Mo pinnu lọ́kàn mi pé wọ́n kórìíra mi.

Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ìṣòro náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Olùkọ́ wa ka àpilẹ̀kọ kan, ó ní kí a sọ ibi tí òǹkọ̀wé ti ṣìnà. Àwọn ọmọ tí wọn kò tó mi lọ́jọ́ orí ń já ọ̀rọ̀ olùkọ́ ní koro, inú rẹ̀ sì ń dùn. Èmi tí wọ́n kọ́ pé ọmọdé kì í já àgbà níyàn, mo dákẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni mo pe ìdákẹ́jẹ́ náà. Lójú olùkọ́, ó lè jẹ́ pé n kò ka ìwé ni.

Ìbéèrè ìyá mi

Láti ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá títí di ìparí oṣù Kẹta, aago Jámánì àti ti Nàìjíríà kì í yàtọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi bá ń palẹ̀ ata mọ́ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aago márùn-ún náà ni lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú biribiri. Ìgbà yẹn ni ó máa ń pè mí.

"Àkànní, ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni o, Mà."

Irọ́ ni. Mo ti ń sùn di ọ̀sán, mo ti pa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ méjì jẹ, mo sì ti ń wo iye tí tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ yóò jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, ó fi ìkíni sílẹ̀, ó béèrè pé, "Ta lo bá sọ̀rọ̀ lónìí?"

Mo ronú títí. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lánàá ńkọ́? N kò rí ẹnì kan dárúkọ. Ìyá mi kò bú mi, kò sì sunkún. Ó ní, "Abéèrè kì í ṣìnà. Ìwọ ni àlejò, ìwọ ni kí o béèrè. Lọ́la, orúkọ ènìyàn kan ni kí o sọ fún mi."

Ilé kan tí ó ń jẹ́ Ìwàlẹwà

Ní ọjọ́ kejì, bí mo ti ń rìn láàárín ìlú, mo rí ilé kan tí wọ́n kọ "Iwalewahaus" sí. Mo dúró, mo tún un kà. Ìwàlẹwà, ní ìlú tí n kò ti gbọ́ "ẹ káàárọ̀" láti oṣù kan sẹ́yìn!

Ọdún 1981 ni Ulli Beier dá ilé iṣẹ́ ọnà yìí sílẹ̀ lábẹ́ yunifásítì ìlú náà. Ará Jámánì ni ọkùnrin yìí. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1950 láti kọ́ni ní yunifásítì, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n dá Mbari Mbayo sílẹ̀ pẹ̀lú Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1962. Òun náà ti jẹ́ àjèjì rí ní ilẹ̀ wa. Kò jókòó sí yàrá kí Yorùbá wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo wọlé. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́ ibi tí mo ti wá, ó ní kí n bá òun pe orúkọ ilé náà bí ó ti yẹ. Mo pè é, òun náà pè é. Ó di ìgbà kẹta kí ohùn rẹ̀ tó bọ́ sí i. Mo ní orúkọ ènìyàn kan láti sọ fún ìyá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ìwé ara ilẹ̀kùn

Nígbà tí mo délé, mo wo ìwé kan tí ó ti wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́, orúkọ mi sì wà níbẹ̀. Ẹ̀sùn ni mo rò pé ó jẹ́. Mo gba ìgboyà, mo kan ilẹ̀kùn alájọgbé mi kan, mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ètò ìmọ́tótó ni! Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa gbá ilé ìdáná lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí a ó sì máa kó ìdọ̀tí jáde, ti bébà lọ́tọ̀, ti ike lọ́tọ̀, ti oúnjẹ lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ tèmi ti kọjá, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn náà ti rò pé mo ń fojú di wọn ni. Ìwé tí mo pè ní ẹ̀sùn ni ẹ̀rí pé wọ́n ti kà mí mọ́ ará ilé.

Mo tọrọ gáfárà, mo fọ ilé ìdáná náà, mo sì se ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ ata fún gbogbo wa. Orí oúnjẹ yẹn ni ẹnì kan ti béèrè bóyá mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. N kò mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀! Ọjọ́ méjì péré ló kù. Ká ní mo ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn mi ni, àjọ ìyá mi ti bómi lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó lọ kọ́ òfin ní London, rí ìdánìkanwà àti àìríléyá nítorí àwọ̀. Ní ọdún 1925, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí a mọ̀ sí WASU sílẹ̀; ní ọdún 1933, wọ́n ṣí ilé ibùgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò Camden. Ọgbọ́n àtijọ́ ni: má dá nìkan wà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń lọ, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ yín nílé fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀kọ́ tí ẹ óò ṣe kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá dé Jámánì, ẹ lọ forúkọ ibùgbé yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin òbí, "dáadáa ni" kì í ṣe èsì. Ẹ béèrè ẹni tí ọmọ bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tí ó bá jẹun. Bí kò bá rí orúkọ dá, ẹ tún pè é lọ́la.

Mo yege nínú gbogbo ẹ̀kọ́ mi. Nígbà tí mo padà sí Òkè-Odò, mo kọ́kọ́ gbé èsì náà fún ìyá mi. Ó gbà á, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà àwọn alájọgbé mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé òpópónà kejì sí tiwa ni wọ́n ń gbé.