Ogun Kírìjì: kí ló dé tí Ìbàdàn kò borí?

Ọdún 1877 ni wàhálà ogun yìí bẹ̀rẹ̀. Ó di 1893 kí àwọn àgọ́ ogun tó tú ká. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń béèrè ẹni tó ṣẹ́gun. Kò sẹ́ni kankan.

Tá a bá ka jagunjagun nìkan, Ìbàdàn ló yẹ kó borí. Ogun jíjà niṣẹ́ wọn, Ààrẹ Látòósà sì ní àwọn olórí ogun tó gbówọ́. Èkìtì Parapọ̀ ní tiwọn jẹ́ ìlú púpọ̀ tí ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kó jọ, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì ń ṣáájú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà. Etí òkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wá. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn; Ìlọrin náà tún ń bá wọn jà ní Ọ̀fà. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó wá ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé gba ọ̀nà Oǹdó. Ìdí ni wọ́n ti ń ki ọta sí i, kì í ṣe ẹnu bíi ṣakabùlà, ọta rẹ̀ sì ń jìnnà gan-an. Ìbàdàn mọ bí wọ́n ṣe ń ya lu ọ̀tá lójijì, àmọ́ báwo lèèyàn ṣe máa ya lu ẹni tó wà lórí òkè tó ń yìnbọn láti ọ̀nà jíjìn?

Látòósà kú sí àgọ́ ní 1885. Ní 1886 wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tíì padà sílé. Ọdún yẹn náà ni Dàhọ̀mì run Kétu wa.